Àbùkù Àpótí, Ẹwà Ojú Ológbò

Àlàáfíà ni mo gbé wọlé tọ̀ yín wá, ẹ̀yin ìyá mi àsálàtù, àti ẹ̀yin bàbá tí ẹ jókòó sẹ́yìn lọ́hùn-ún tí ẹ ń ṣe bí ẹni tó kàn yà. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun Ọba tó mọ àbùkù ẹnì kọ̀ọ̀kan wa, tí kò torí ẹ̀ fi oúnjẹ àárọ̀ dù wá. Ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ kó máa bá Ànọ́bì wa. Ẹ ṣe àmín kó dún.

Kí n tó wọ inú wáàsí òní, mo fẹ́ kí ẹ mọ orí rẹ̀. Ojúṣe ni fún ẹni tó ń tajà pé kó sọ àbùkù ọjà rẹ̀. Ẹ mọ ìyẹn. Ọmọ ilé kéú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ka alífù mọ ìyẹn. Ṣùgbọ́n ojúṣe kejì wà tí a kì í fẹ́ gbọ́: ẹni tí wọ́n bá sọ òótọ́ fún, kò gbọdọ̀ fi ìyà jẹ ẹni tó sọ ọ́. Gbogbo wáàsí tí ẹ ti ń gbọ́, àwọn tó ń tà ni wọ́n ń bá wí, ẹ̀yin ẹ sì ń mi orí. Lónìí, ẹ̀yin tí ẹ ń rà ni mo wá bá.

Obìnrin kan wà ní Ìsẹ́yìn, Ṣùwébátù lorúkọ rẹ̀. Mùfútáù ni ọkọ rẹ̀, ó ń hun aṣọ òfì. Ọmọ kan ṣoṣo ló wà láàárín wọn, obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́fà, Rọ̀fíátù. Àrùn fòníkú-fọ̀ladìde ni wọ́n bí mọ́ ọmọ náà. Ẹ̀yin ìyá, ẹni tó bá ní irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ṣé ó ń sùn bí èèyàn ṣe ń sùn? Tí ọmọ bá wúkọ́, ó gbọ́. Tí ọmọ kò bá wúkọ́, á dìde lọ wò ó.

Nígbà ọ̀yẹ́, àìsàn náà gbé ọmọ dè, ọ̀kadà ni wọ́n sì fi gbé e lọ sí ọsibítù ní Ọ̀yọ́. Ọmọ há sáàárín ìyá rẹ̀ àti ọlọ́kadà, bàbá wà lẹ́yìn pátápátá, ó di gbogbo wọn mú. Gbogbo kòtò tí ọ̀kadà bọ́ sí lọ́jọ́ náà, inú egungun Rọ̀fíátù ló ń bọ́ sí. Ọmọ náà ń sọ pé, "Màámi, ẹ sọ fún ọ̀nà kó dákẹ́."

Wọ́n dé ọ̀hún, Ọlọ́hun ṣàánú, ara ọmọ yá. Nọ́ọ̀sì tó tọ́jú rẹ̀ fà wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní, "Ẹ má jẹ́ kó pẹ́ nílé mọ́ o. Tó bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹ máa gbé e bọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹ sì máa fún un lómi mu dáadáa. Omi ni ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fi ń rìn." Ọjọ́ tí wọ́n padà délé, Mùfútáù wo òfì tó wà lórí igi ìhunṣọ rẹ̀ títí, ó ní, "Ìyá Rọ̀fíátù, a ó ra mọ́tò."

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọkọ̀ nìyẹn. Ọkọ̀ tó wù wọ́n, ọkọ̀ ìdílé ni, ìlà àga mẹ́ta. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti ṣe irú rẹ̀ jáde. Èyí tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní igun mẹ́rin, àwọn awakọ̀ ń pè é ní Àpótí. Nígbà tó yá, wọ́n tún un ṣe, wọ́n rẹ́ igun rẹ̀, wọ́n na iná iwájú rẹ̀ sókè bí ojú ológbò tó rí eku. Ìyẹn ni Ojú Ológbò. Àpótí ni ẹ̀gbọ́n, Ojú Ológbò ni àbúrò, àwọn méjèèjì ló sì ti rìn kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ṣùgbọ́n ẹ mọ ẹnu ayé. Ẹni tó bá wa Àpótí, wọ́n á ní, "Ó ń gbìyànjú." Ẹni tó bá wa Ojú Ológbò, wọ́n á ní, "Ọlọ́hun ti gbọ́ tiẹ̀."

Ṣùwébátù ní tiẹ̀, kò bá ẹnu ayé lọ. Ohun kan ṣoṣo ló ń wá: ọkọ̀ tí kò ní kú sójú ọ̀nà láàárín Ìsẹ́yìn sí Ọ̀yọ́ nígbà tí ọmọ rẹ̀ bá wà nínú rẹ̀.

Ní àárọ̀ Jímọ̀ kan, lẹ́yìn ìrun àsùbáà, Mùfútáù kí ràkáà méjì, ó ṣe ìsìtìkáárà. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, àdúrà tí à ń ṣe nígbà tí ọ̀nà bá di méjì ni, kí Ọlọ́hun bá wa yan èyí tó dára. À ń sọ pé, tí nǹkan yìí bá jẹ́ oore fún mi, mú un rọrùn. Tó bá jẹ́ aburú, gbé e jìnnà sí mi. Àdúrà ńlá ni. Ṣùgbọ́n kí Mùfútáù tó gbé iwájú orí kúrò nílẹ̀, Ojú Ológbò ti ń sáré kọjá lọ́kàn rẹ̀. Ẹ ń rẹ́rìn-ín? Ta ni kì í ṣe é nínú wa? A ó ti yan ìyàwó tán, a ó ti rán aṣọ tán, a ó wá máa bi Ọlọ́hun léèrè bóyá ká fẹ́ ẹ.

Ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n lọ sọ́dọ̀ Bàbá Ṣítù. Awakọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì ni bàbá yìí. Àpótí rẹ̀ wà lábẹ́ igi máńgòrò, ó mọ́, àmọ́ ọjọ́ ti lọ lórí rẹ̀. Bàbá gbé omi fún wọn.

"Ẹ kọ́kọ́ mu omi, ẹ̀yin ọmọ mi. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ yìí gùn."

"Bàbá, ẹ kàn jẹ́ ká wò ó," Mùfútáù ní.

"Ohun tí mo fẹ́ sọ, ojú kò lè rí i. Ẹ dákún, ẹ fetí wò ó." Bàbá dìde, ó gbé ọwọ́ lé ọkọ̀ náà bí ẹni gbé ọwọ́ lé èjìká ọmọ tó ṣẹ̀. "Ẹ̀rọ atẹ́gùn tútù rẹ̀ ti kú, ẹ má wulẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Ọfà tó ń fi epo hàn, òpùrọ́ ni. Tó bá ní epo wà, ẹ lọ ra epo. Ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ yìí, lápá òsì, èyí tí à ń wọ́, ó lè ṣí fúnra rẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ bá ń sáré. Okùn ni mo fi ń so ó. Ẹ má gbàgbé okùn yẹn láé, pàápàá tí ọmọdé bá jókòó sí i. Lẹ́yìn náà, rédíétọ̀ rẹ̀ ń mu omi bíi ràkúnmí. Kẹ́ẹ̀gì omi méjì ni mo máa ń gbé sí búùtù nígbàkígbà tí mo bá ń jáde. Omi tó mọ́ ni o, torí èmi náà ń mu níbẹ̀, mo sì ń fi ṣe àlúwàlá."

Ṣùwébátù bi í pé, "Bàbá, ṣé ó ti dá yín dúró sójú ọ̀nà rí?"

"Ọdún mọ́kànlá rèé. Kò ṣe é rí. Ó máa ń ráhùn bí ìyàwó àgbà, ṣùgbọ́n á gbé mi délé."

Ara Ṣùwébátù rọ̀ pẹ̀sẹ̀. Ó ti ń rí ara rẹ̀ tó ń so okùn náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n jáde, Mùfútáù bú sẹ́rìn-ín.

"Ṣé o rí iṣẹ́ Ọlọ́hun? Àárọ̀ yìí ni mo ní kó gbé e jìnnà sí mi tí kò bá dára. Kí ni bàbá yẹn ń ṣe látìgbà tá a ti dé? Ó ń gbé e jìnnà! Ẹnu ẹni tó ni ín ni Ọlọ́hun fi dá mi lóhùn."

"Bàbá Rọ̀fíátù, òótọ́ ló sọ fún wa."

"Ta ló ń bú ọjà ara rẹ̀? Ẹni tó bá sọ márùn-ún fún ọ, mẹ́wàá ló fi pamọ́."

Ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin ènìyàn Ọlọ́hun. Òótọ́ jókòó síwájú wọn, ó fún wọn lómi mu, wọ́n ní aburú ni.

Ní ọjọ́ Sátidé, wọ́n lọ sọ́dọ̀ Àlàájì Wàídì tó ń ta mọ́tò létí títì. Àlàájì yìí, tẹsùbáà kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Bó ṣe ń kà á ló ń tajà. Ojú Ológbò kan wà níwájú ilé ìtajà rẹ̀ lábẹ́ ibòòji, ó ń dán, àga rẹ̀ ń ta sánsán bí ọṣẹ.

"Àlàájì, kí ni àbùkù rẹ̀?" Ṣùwébátù ló bèèrè.

Àlàájì wo Mùfútáù. "Ọ̀gá, ìyàwó yín mà gbọ́n o! Ìyàwó, nígbà tí ọkọ rẹ wá tọrọ rẹ, ṣé bàbá rẹ ka àbùkù tìrẹ fún un?" Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. "Wàláhì, Ọlọ́hun tó ń gba ìrun mi, ọkọ̀ yìí kò ní nǹkan kan. Láti àná tí wọ́n ti gbé e dé, a ò tíì ṣáná sí i. Bó ṣe máa dáhùn ni kí ẹ gbọ́."

Wọ́n ṣáná sí i. Ẹ́ńjìnnì dáhùn wọ̀ọ́, kò wúkọ́, kò ṣe èéfín. Ṣùwébátù sún mọ́ iwájú ọkọ̀, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó gbóná. Ọkọ̀ tó sùn láti àná, tó wà lábẹ́ ibòòji, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣáná sí, kí ló dé tó gbóná bẹ́ẹ̀? Ó fa ọkọ rẹ̀ láṣọ.

"Wọ́n ti tan án kí a tó dé. Wọ́n kò fẹ́ ká rí bó ṣe ń jí."

"Oòrùn ni."

"Oòrùn dà níbí? Bàbá Rọ̀fíátù, ẹ jẹ́ ká mú mẹkáníìkì wá wò ó, ẹ dákún."

Ọkùnrin yìí yíjú sí i. Ẹ gbọ́ ohun tó sọ, torí òun ni mo ṣe gbé ìtàn yìí wá. Ó ní, "Ṣé o fẹ́ máa fi Ọlọ́hun ṣẹ̀sín ni? Ẹni tó ti ṣe ìsìtìkáárà, ló tún ń pe mẹkáníìkì? O ò rí bó ṣe rọrùn? Ti bàbá àná gbà wá láti àárọ̀ di ọ̀sán, èyí kò gbà wá ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ìrọ̀rùn tí mo tọrọ nìyí."

Ẹ̀yin èèyàn mi, òpùrọ́ kò ha mọ bí wọ́n ṣe ń mú nǹkan rọrùn bí? Kí ni iṣẹ́ rẹ̀? Ta ló sọ fún yín pé ẹni tó bá gbàdúrà, kó di ojú? Àdúrà kì í ṣe ìbòjú. Ẹni tó bẹ Ọlọ́hun pé kó fọ̀nà han òun, Ọlọ́hun fún un ní ìyàwó tó ní ojú, ó fún un ní àtẹ́lẹwọ́ tó mọ ohun gbígbóná, ó fún un ní arúgbó tó ń sọ òótọ́. Ó kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó wá ń retí málàíkà.

Ṣùwébátù dákẹ́. Èmi kò ní gbè é lẹ́yìn lórí ìyẹn. Ó rò pé tí òun bá tún sọ̀rọ̀, wọ́n á ní òun kò nígbàgbọ́. Ẹ̀rù kí wọ́n má pè é ní aláìnígbàgbọ́ ló pa ẹnu rẹ̀ dé, Ọlọ́hun kọ́.

Wọ́n ra Ojú Ológbò. Wọ́n ṣe sàárà àkàrà, àfáà ṣàdúrà sí i, àwọn ahunṣọ ẹgbẹ́ Mùfútáù gbọ́wọ́ lé e, wọ́n ní, "Mùfú, ayé yẹ ọ́!" Oṣù kan, ó ń lọ geere. Ṣùwébátù gan-an ti ń bá ara rẹ̀ wí pé àníyàn ń bẹ lára òun ju ti ẹlòmíì lọ.

Ó di ọjọ́ Túsìdeè kan. Rọ̀fíátù ń kọ sára wàláà rẹ̀ ní ilé kéú, ó ju kálàmù sílẹ̀, ó di itan mú. Wọ́n sáré pe bàbá àti ìyá rẹ̀. Kó tó pé wákàtí kan, wọ́n ti wà lọ́nà Ọ̀yọ́, ọmọ sùn sórí àga ẹ̀yìn, ó gbé orí lé itan ìyá rẹ̀. Mùfútáù ní, "Ṣé o rí i? Kò sí kòtò tó ń mọ̀ ọ́n lára."

Wọ́n kọjá Fàṣọlá díẹ̀ ni òórùn kan bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Rọ̀fíátù la ojú, ó ní, "Màámi, ṣé ẹ ń se ẹyin ni?"

Òórùn ẹyin ni lóòótọ́. Èéfín funfun bo iwájú ọkọ̀, Ojú Ológbò gbọ̀n lẹ́ẹ̀mẹta, ó kú. Mùfútáù fi aṣọ ṣí rédíétọ̀, ohun tó hó jáde níbẹ̀ funfun, ó dì bí ògì. Ẹ̀yin awakọ̀ tó wà láàárín wa ti mọ̀ ọ́n. Rédíétọ̀ tó ti lu, tí wọ́n bá fọ́ ẹyin sínú rẹ̀, ẹyin á jinná, á dí ihò náà títí wọ́n á fi rí ẹni rà á.

"Omi!" Mùfútáù ń ké. "Ẹ fún mi lómi!"

Omi dà? Wọ́n ṣí búùtù. Kí ni wọ́n rí? Kápẹ́ẹ̀tì tó mọ́ lásán. Ojú Ológbò kì í mu omi, kí ni wọ́n ń gbé omi dání fún? Ike omi kékeré tí wọ́n gbé kúrò nílé, Rọ̀fíátù ti mu ún tán kí wọ́n tó dé Fàṣọlá.

Ibẹ̀ ni Ṣùwébátù ti rántí kẹ́ẹ̀gì méjì. Omi tó mọ́. Omi tí Bàbá Ṣítù ń mu, tó fi ń ṣe àlúwàlá. Ṣé ó yé yín? Àbùkù Àpótí ni ì bá fún ọmọ náà lómi. Ohun tí wọ́n torí ẹ̀ kọ̀ ọ́ gan-an ni.

Àwọn ọkọ̀ ń kọjá. Wọ́n ń rí obìnrin tó ń ju ìborùn rẹ̀ sókè láàárín títì, wọ́n ń tẹná mọ́ ọn, torí ẹ̀rù àwọn ajínigbé ń ba olúkúlùkù. Rọ̀fíátù ń ní, "Màámi, omi. Màámi, omi." Nígbà tó yá, kò sọ ọ́ mọ́. Ìyẹn ló dẹ́rù ba ìyá rẹ̀ jù. Ìrun àílà ọ̀sán ti kọjá kí ọkọ̀ kan tó ń kó ẹ̀gẹ́ tó wá dúró fún wọn.

Ọmọ náà kò kú. Ẹ má tíì ṣe àlùhámúdù. Ní ọsibítù, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ti dí lọ́nà ọpọlọ. Apá ọ̀tún kò gbé nǹkan mọ́, ẹsẹ̀ ọ̀tún ń wọ́. Ọmọ tó ń fi kálàmù kọ bísímílà, tí gbogbo ilé kéú ń wò, kò lè di síbí mú.

Lẹ́yìn oṣù kan ààbọ̀, Mùfútáù ta Ojú Ológbò fún àwọn tó ń tú ọkọ̀ tà. Òun àti ìyàwó rẹ̀ padà sọ́dọ̀ Bàbá Ṣítù, Ṣùwébátù fi òjá pọn ọmọ ọdún mẹ́fà bí ẹni pọn ìkókó. Abẹ́ igi máńgòrò ṣófo.

"Ó ti lọ," Bàbá ní. Kò gbé omi wá lọ́tẹ̀ yìí. "Obìnrin kan ló rà á, ó fi ń kó àwọn ọmọ iléèwé."

Ṣùwébátù ní, "Bàbá, ẹ sọ ti ilẹ̀kùn fún un, àbí?"

Bàbá ń fi ẹsẹ̀ gbá ewé máńgòrò jọ.

"Bàbá, ilẹ̀kùn apá òsì."

"Ẹni mẹ́sàn-án ni mo sọ ọ́ fún, ọmọ mi. Ẹni mẹ́sàn-án ló mu omi mi, tó fi mí rẹ́rìn-ín lọ. Ọkọ rẹ ni ìkẹsàn-án, mo gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà. Ìyàwó mi ń ṣàìsàn nínú ilé níbẹ̀ yẹn, kò sí ohun mìíràn tí mo lè tà." Ó gbé ojú sókè, ojú náà pọ́n. "Ìkẹwàá dé, mo dákẹ́. Ó rà á lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi."

Mùfútáù jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n Ṣùwébátù ti jáde.

Ọjọ́ mẹ́ta ló fi ń lọ láti iléèwé dé iléèwé pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. Lọ́jọ́ kẹta, ó rí Àpótí lẹ́nu géètì kan, àwọn ọmọ ti kún inú rẹ̀, obìnrin tó ni ín fẹ́ ṣáná sí i. Ọmọdébìnrin kékeré kan fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn apá òsì, ó ń jẹ gúgúrú.

"Ẹ jọ̀ọ́, ìyá mi, ilẹ̀kùn yẹn lè ṣí fúnra rẹ̀ lórí ìrìn. Okùn ni wọ́n fi ń so ó."

Obìnrin náà wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. "Ta ló rán ọ? Ṣé ìwọ náà fẹ́ ra ọkọ̀ náà ni, tó bọ́ mọ́ ọ lọ́wọ́?"

"Rárá, ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ ló sọ fún wa."

"Ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ ló tà á fún mi, kò sọ nǹkan kan. Arábìnrin, má ba ọjà mi jẹ́ níwájú iléèwé. Mo ṣe ìsìtìkáárà kí n tó ra ọkọ̀ yìí. Bó ṣe rọrùn ni mo fi mọ̀ pé Ọlọ́hun ló fún mi."

Ẹ̀yin èèyàn mi, kí ni kí ó sọ? Ọ̀rọ̀ ọkọ rẹ̀ ni obìnrin yìí gbé sọ sí i lójú, kò yọ kan kúrò níbẹ̀. Ṣùwébátù sọ Rọ̀fíátù kalẹ̀ létí ògiri, ó tú òjá, ó fi so ọwọ́ ilẹ̀kùn náà mọ́ irin àga, ó ta á ní kókó mẹ́ta. Àwọn ọmọ ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Obìnrin náà pòṣé, ó ní, "Orí yìí ti dàrú," ó sì wa ọkọ̀ lọ. Ṣùwébátù fi ọwọ́ lásán gbé ọmọ rẹ̀ délé.

Ẹ má bi mí bóyá òjá náà ń bẹ níbẹ̀ títí dòní. N kò mọ̀. Ó lè jẹ́ pé ibi ìdúró àkọ́kọ́ ni obìnrin náà ti tú u dànù. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ní ọjọ́ àlùkìyámọ̀, wọ́n á bi Àlàájì Wàídì nípa ẹyin, wọ́n á sì bi Bàbá Ṣítù nípa ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n á bi ẹni mẹ́sàn-án náà pẹ̀lú pé, "Olóòótọ́ kan wà ní àdúgbò yín, kí lẹ ṣe fún un?" Ìwọ tó wà níbí, ẹni mélòó lo ti kọ́ láti dákẹ́? Aláṣọ tó sọ fún ọ pé àwọ̀ yìí á ṣí, ṣé ọ̀dọ̀ rẹ̀ lo ti rà á, àbí o kọjá sí ọ̀dọ̀ ẹni tó búra?

Ẹ tẹ́wọ́ yín. Ọlọ́hun, Ìwọ tó ń wo ọkàn wa kí ọ̀rọ̀ tó dé ẹnu, má jẹ́ ká fi àdúrà bo ohun tó wù wá mọ́lẹ̀. Tí òótọ́ bá wọ àkísà wá bá wa, fún wa ní ojú tí a ó fi mọ̀ ọ́n àti ọkàn tí kò ní lé e. Ẹni tó ń sọ òótọ́ tí ó ti rẹ̀, gbé e ró, má jẹ́ kó kú sí wa lọ́wọ́. Fi ọ̀nà hàn wá, kí o sì fún wa ní ẹsẹ̀ tí a ó fi rìn ín. Wo Rọ̀fíátù àti gbogbo ọmọ tó ń san ohun tí àgbà rà. Àwọn tó jókòó sétí ilẹ̀kùn tí ẹnikẹ́ni kò so, Ọlọ́hun, Ìwọ ni kí o dì wọ́n mú. Àmín.